Ta Ni Yóò Ro Ẹjọ́ Dókítà?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà." Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, a sì máa ń rántí rẹ̀ kíákíá bí ọ̀ràn bá kan ará ilé wa. Ṣùgbọ́n bí aboyún bá kú sí ọwọ́ dókítà, tàbí tí ilé bá wó lu ènìyàn, òwe náà a fò kúrò lọ́kàn wa. A kì í fẹ́ gbọ́ ti ẹnu dókítà mọ́, a kì í sì fẹ́ mọ ohun tí ẹnjiníà ní í sọ. Ẹni tí ó bá dìde ní kọ́ọ̀tù láti sọ pé òun dúró fún olùjẹ́jọ́ nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ojú ẹni tí ó gba owó ẹ̀jẹ̀ ni a ó fi máa wò ó.

Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà lára àwọn tí a ń fi ojú bẹ́ẹ̀ wò. Àwa méjì ni a jọ ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan ní Ẹgbẹ́dá. Àwọn tí a ń ro ẹjọ́ wọn jù lọ ni dókítà, nọ́ọ̀sì, apòògùn àti ẹnjiníà, tí àwọn ènìyàn pè lẹ́jọ́ pé wọn kò ṣe iṣẹ́ wọn bí iṣẹ́. Ìyá kan tí ń ta ata ní ọjà Ìkòtún, tí ó jẹ́ ojúlùmọ̀ ìdílé wa, bi wá léèrè nígbà kan pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀yin lẹ ń gba àwọn dókítà tó pa èèyàn sílẹ̀?" Ìdáhùn tí a fún un lọ́jọ́ náà kúrú, nítorí àwọn oníbàárà dúró níwájú rẹ̀. Èyí tí ó kún ni a fẹ́ kọ síbí, pàápàá fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ òfin tàbí iṣẹ́ ìṣègùn, àti fún ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lóru.

Agbègbè wa yìí kì í ṣe kékeré. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé 1,277,714 ènìyàn ni ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́, iye yìí sì ju ti ìjọba ìbílẹ̀ èyíkéyìí mìíràn lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó nínú ìkànìyàn náà. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba wà ní Ìgàndò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jẹ́ pé ilé ìwòsàn aládàáni, ilé ìgbẹ̀bí tàbí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ni wọ́n ń kọ́kọ́ sáré lọ. Níbi tí ènìyàn bá ti pọ̀ tó báyìí, ìwòsàn yóò pọ̀, ilé kíkọ́ yóò pọ̀, àṣìṣe pẹ̀lú kò ní í ṣàìsí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò alájà púpọ̀ kan tí ó wà nínú ọgbà ìjọ Synagogue Church of All Nations ní Ìkòtún wó lulẹ̀. Àwọn tí ó kú lé ní ọgọ́rùn-ún, ọmọ orílẹ̀-èdè South Africa ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìbànújẹ́ ọjọ́ náà kò yà Mùsùlùmí sọ́tọ̀ kúrò lára Kristẹni. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ wá di méjì. Àwọn kan ní ọkọ̀ òfuurufú kan ni ó fò kọjá lókè ilé náà kí ó tó wó. Àwọn mìíràn ní àwọn tí ó kọ́ ọ ni kò kọ́ ọ dáadáa. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìwádìí ikú kalẹ̀, ní ọdún 2015 adájọ́ tí ó ṣe ìwádìí náà sì sọ pé àbùkù inú ilé náà gan-an ni ó wó o, àti pé ó yẹ kí àwọn ẹnjiníà méjì tí ó ṣe iṣẹ́ náà wá jẹ́jọ́. Ní ọdún 2016 ni a gbé àwọn ẹnjiníà náà, pẹ̀lú àwọn alábòójútó ìjọ náà, lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà.

A kò sí lára àwọn agbẹjọ́rò inú ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ tí a ń ṣe ní agbègbè yìí tí kò fi ọkàn bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìkòtún ni ó gbà pé ẹjọ́ ti parí nígbà tí ìwádìí ikú parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tí ń wádìí ikú ni láti mọ ohun tí ó fa ikú. Kò lè sọ ẹnikẹ́ni sí ẹ̀wọ̀n. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn, ìjọba ni ó gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá títí iyèméjì tí ó nítumọ̀ kò fi ní í sí mọ́. Níbẹ̀ ni agbẹjọ́rò ẹnjiníà yóò ti máa bi ẹlẹ́rìí léèrè. Ta ni ó ya àwòrán ilé náà? Ta ni ó ní kí a fi àjà mìíràn kún un? Ta ni ó ra irin, ta ni ó sì yẹ̀ ẹ́ wò? Ǹjẹ́ ẹnjiníà kọ̀wé ìkìlọ̀, tàbí ó dákẹ́? Bí a kò bá bi irú ìbéèrè wọ̀nyí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ rọrùn jù láti pè ni a ó di ẹ̀bi lé lórí, ẹni tí ó jẹ̀bi gan-an yóò sì máa rìn lọ fàlàlà. Nítorí náà, ẹni tí ń gbèjà ń ṣe iṣẹ́ fún àwọn tí ó kú pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ ṣòro fún ẹbí wọn láti rí i bẹ́ẹ̀.

Nínú ẹjọ́ àìbìkítà tí a ń torí rẹ̀ béèrè owó gbà-má-bínú, ohun mẹ́ta ni olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn. Èkíní, pé ojúṣe olùjẹ́jọ́ ni láti ṣọ́ra fún òun. Èkejì, pé ó kùnà nínú ojúṣe náà. Ẹ̀kẹta, pé ìkùnà náà gan-an ni ó pa òun lára, kì í ṣe àìsàn tí òun gbé wá. Orí ẹ̀kẹta yìí ni ìjà máa ń pọ̀ sí jù, nítorí pé ara tí kò yá ni aláìsàn gbé wá sí ilé ìwòsàn láti ilé rẹ̀. Ní ti èkejì, ẹjọ́ kan tí a dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1957, tí à ń pè ní ẹjọ́ Bolam, ni ó fi ìlànà lélẹ̀: a kò lè sọ pé dókítà kò bìkítà bí ó bá ṣe ohun tí àwọn dókítà mìíràn tí ó mọ iṣẹ́ náà gbà pé ó tọ́, bí àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn ìbá gba ọ̀nà mìíràn. Òfin kò béèrè pé kí dókítà mọ̀ ju gbogbo ayé lọ. Ohun tí ó béèrè ni pé kí ó ṣe bí dókítà gidi ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ti ṣe. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa náà ti fi yé wa láti inú hadíìsì pé ẹni tí ó ń ṣe ìṣègùn nígbà tí a kò mọ̀ ọ́n mọ́ ìṣègùn ni ohun tí ó bá bàjẹ́ yóò wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyàtọ̀ ń bẹ láàrin ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì, àti ayédèrú dókítà tí ó kàn kọ orúkọ sára pátákó.

Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo agbẹjọ́rò ilẹ̀ wa tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ bí ẹní mowó. Dókítà Akerele fún ọ̀pọ̀ ọmọdé ní abẹ́rẹ́ oògùn kan tí à ń pè ní Sobita, láti wo àrùn egbò tí àwọn Òyìnbó ń pè ní yaws. Oògùn tí ó pò náà le jù, àwọn ọmọ kan sì kú. Ilé-ẹjọ́ sọ pé ó jẹ̀bi ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì fọwọ́ sí i. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ kò káwọ́ gbera. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1942 a sì dá dókítà náà láre. Ìdí rẹ̀ rèé: àṣìṣe tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan nígbà tí a ń po oògùn kò di àṣìṣe púpọ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó gbà nínú rẹ̀, àìbìkítà tí a ó sì torí rẹ̀ sọ ènìyàn di ọ̀daràn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó burú jáì, tí ó kọjá ohun tí owó gbà-má-bínú lè tán. Ẹ kíyè sí i pé ẹnikẹ́ni kò sọ pé àwọn ọmọ náà kò kú, tàbí pé oògùn náà kò le jù. Ohun tí a sọ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dunni ni ó jẹ́ ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n.

Èyí tí ó tẹ̀lé e yóò dun ẹ̀yin òǹkàwé. Ní ọdún 2006, Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ Ojo àti Gharoro. Obìnrin kan lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ìlú Benin, abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán ara sì kán sí i nínú. Ó pe ẹjọ́, ó sì pàdánù. Bí ẹ bá sọ ìtàn yìí ní ibùdókọ̀ Ìyànà Ìpájà, gbogbo ènìyàn ni yóò ké pé ayé ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà náà wá sí kọ́ọ̀tù, wọ́n sì ṣàlàyé bí abẹ́rẹ́ ṣe ń kán nígbà iṣẹ́ abẹ àti ohun tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀. Obìnrin náà kò mú dókítà kankan wá tí yóò dúró láti sọ pé ohun tí wọ́n ṣe kò bá ìlànà iṣẹ́ mu. Ilé-ẹjọ́ ní kíkán tí abẹ́rẹ́ kán nìkan kò tó láti fi dá wọn lẹ́bi.

Àwa tí a wà ní apá olùjẹ́jọ́ ni irú ìdájọ́ yìí ń ràn lọ́wọ́. Síbẹ̀ a kò lè fi pamọ́ pé ìṣòro ńlá wà nínú rẹ̀ fún tálákà. Níbo ni mẹkáníìkì tàbí aláta yóò ti rí dókítà tí yóò gbà láti jẹ́rìí ta ko dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ olùpẹjọ́ ni ó ń pàdánù, kì í ṣe nítorí pé irọ́ ni ó ń pa, bí kò ṣe pé kò rí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà bá a sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé agbẹjọ́rò tí ń gbèjà dókítà gbọ́dọ̀ mọ́ lọ́wọ́ ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí òfin ti fún un ní ààbò tí ẹnìkejì kò ní.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, dókítà kan tí ó ní ilé ìwòsàn ní agbègbè wa gbé fáìlì kan wá bá wa. A ti yí àwọn ohun tí ẹ lè fi mọ̀ wọ́n padà. Obìnrin kan bímọ sí ọwọ́ rẹ̀ lóru, ẹ̀jẹ̀ kò dá, ó sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ mẹkáníìkì ní ọ̀nà Ìgàndò, pe dókítà lẹ́jọ́. Nígbà tí a ń ka fáìlì náà, a rí ìlà kan tí a fún pọ̀ mọ́ àárín ìlà méjì, tí yíǹkì rẹ̀ sì yàtọ̀. Ó ní a ti sọ fún ọkọ kí ó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tí ó tóbi jù, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Bí ìlà yẹn bá jẹ́ òótọ́, ẹjọ́ ti parí nìyẹn, a ti jàre. A pe nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni ó sọ pé ọ̀sẹ̀ tí ìwé lọ́yà ọkọ náà dé ni a kọ ìlà náà sí i.

A sọ fún dókítà pé a kò ní í gbé ìlà yẹn síwájú adájọ́, àti pé bí òun bá fẹ́ kí a gbé e síwájú adájọ́, kí òun wá agbẹjọ́rò mìíràn. Inú bí i. Ó ní, "Ṣé èmi ni mò ń sanwó fún yín ni, àbí ọkọ rẹ̀?" A ní, "Ẹ̀yin ni, Dókítà. Ìdí tí a fi ń sọ fún yín nìyẹn. Bí ẹlẹ́rìí bá já irọ́ kan nínú fáìlì yìí, kò sí ẹni tí yóò gba òtítọ́ inú rẹ̀ gbọ́ mọ́." Ó gbé fáìlì rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹta ó padà wá.

Nígbà tí a yọ ìlà náà kúrò nínú ohun tí a gbára lé, tí a sì sọ ìgbà tí a kọ ọ́ fún agbẹjọ́rò ẹnìkejì wa, ohun tí ó kù fi hàn pé dókítà náà kò sùn lóru náà. Ó ti fún un ní abẹ́rẹ́ tí ó yẹ, ó ti ránṣẹ́ wá ẹ̀jẹ̀, ó sì ti pe ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ ni ó pẹ́ kí ó tó dé. A jókòó yí tábìlì ká, dókítà sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ní wákàtí-wákàtí, ó tọrọ àforíjì lórí ìlà tí ó kọ, ó sì gbà láti san owó kan fún ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ọkọ náà sọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn wa. Ó ní, "Kì í ṣe owó ni mo bá wá sí kọ́ọ̀tù. Láàrin agogo méjì sí agogo mẹ́rin, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹni tí ó sọ ohunkóhun fún mi. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn." Ẹjọ́ náà kò dé ojú ìdájọ́. Kò sí ẹni tí ó yọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lóru náà.

Láti ìgbà náà ni a ti ń sọ fún gbogbo dókítà tí ó bá wá bá wa pé ìwé tí a kọ lákòókò ni agbẹjọ́rò wọn àkọ́kọ́. Ẹjọ́ Dókítà Okonkwo jẹ́rìí sí i. Obìnrin kan tí ó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kò gbà kí a fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára. Ó fọwọ́ sí ìwé, ọkọ rẹ̀ náà sì fọwọ́ sí i. Dókítà Okonkwo tọ́jú rẹ̀ láìfa ẹ̀jẹ̀ sí i, obìnrin náà sì kú ní ọdún 1991. Ìgbìmọ̀ tí ń bá àwọn dókítà wí dá a lẹ́bi, wọ́n ní kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá a láre, ní ọdún 2001 Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sì fọwọ́ sí ìdáláre náà, pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú tí kò fẹ́. Bí kò bá sí ìwé tí a fọwọ́ sí ni, kí ni dókítà náà ì bá fi gbèjà ara rẹ̀?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin náà ní ẹ̀tọ́. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ kọ àkọsílẹ̀ nípa aláìsàn kí wọ́n sì pa á mọ́, pé kí a sọ bí ara rẹ̀ ti rí àti ìtọ́jú tí ó wà fún un ní èdè tí ó yé e bí ó bá ṣe é ṣe, àti pé a kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀, ẹ tọ́jú káàdì àti rìsíìtì yín. Bí ọ̀ràn bá kan òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́, nítorí òfin kan wà tí ó fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní oṣù mẹ́ta péré. Ẹ lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí àjọ MDCN tí ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà, ìgbìmọ̀ ìbáwí wọn sì lágbára láti yọ orúkọ dókítà kúrò nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lu nọ́ọ̀sì, ẹ má sì ṣe fọ́ fèrèsé ilé ìwòsàn. Ibi tí a fọ́ lónìí ni a ó tún gbé aláìsàn mìíràn lọ lọ́la.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ yìí wù, ọ̀nà rẹ̀ jìn díẹ̀. Ọdún márùn-ún ni ẹni tí ó bá wọlé tààrà láti ilé ẹ̀kọ́ girama yóò lò ní yunifásítì, irú bíi LASU tí ó wà ní Ọjọ́, tí ọ̀nà rẹ̀ gba Ìgàndò kọjá. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ amòfin tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1962. Ẹni tí yóò gbèjà dókítà tún gbọ́dọ̀ ka ìwé ìṣègùn, kí ó lè mọ ìgbà tí dókítà ń sọ òtítọ́ àti ìgbà tí ó ń fi èdè iṣẹ́ bo ojú wa. Ẹ sì rántí pé pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó: òfin àwọn agbẹjọ́rò fàyè gba oníbàárà láti pe àwa náà lẹ́jọ́ nítorí àìbìkítà, yàtọ̀ sí ohun tí a bá ṣe níwájú adájọ́ nígbà tí ẹjọ́ ń lọ.

Ìdáhùn wa nìyí. A kì í gba apànìyàn sílẹ̀. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe di apànìyàn nítorí igbe ọjà, kí ẹni tí ó kùnà sì lè mọ ibi tí ó ti kùnà. Bí agbẹjọ́rò bá ṣe é bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí ó níyì ni. Bí ó bá lọ́wọ́ sí yíyí ìwé padà, kò yàtọ̀ sí ayédèrú dókítà. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọwọ́ àwọn tí ń tọ́jú wa, kí ó sì máa ṣọ́ ahọ́n àwa tí ń ro ẹjọ́ wọn.